Bọ́tìnnì Tó Sọnù Lára Commodore 64

Kọ̀ǹpútà ilé Commodore 64, tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982, ní bọ́tìnnì 66. Lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni sípíríǹgì kékeré kan wà, tó ń ti bọ́tìnnì padà sókè. Ìdí nìyẹn tí ìdérí bọ́tìnnì nìkan kò fi tó láti dípò bọ́tìnnì tó sọnù: láìsí sípíríǹgì, bọ́tìnnì tí a bá tẹ̀ kò ní gbéra mọ́.

Ọ̀nà tó dájú jù láti rí òmíràn ni kí ènìyàn wá kíbọ́ọ̀dù Commodore tó ti bàjẹ́, kó sì tú u. Ti VIC-20, kọ̀ǹpútà Commodore mìíràn, pàápàá lè wúlò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí ihò abẹ́ ìdérí kò bára mu lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù. Ó yẹ kí olùrà rí àwòrán abẹ́ rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Àwọn àmì tí wọ́n tẹ̀ sí iwájú ìdérí tẹ́lẹ̀ tún bọ́ sí òkè lára àwọn kan nínú C64C, ẹ̀dà Commodore 64 tó jáde lẹ́yìn náà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D lè ṣe ìdérí tuntun. Lẹ́tà orí rẹ̀ ló máa ń ṣòro láti tẹ̀ dáadáa.