Ẹ̀jẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan

Ní ọdún 1909 ni Sørensen, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nímáàkì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí a fi ń mọ bí ohun olómi ṣe kan tó: òdo ni ti èyí tí ó kan jù lọ, 14 ni ti òdì kejì, níhà ibi tí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú wà, omi gidi sì dúró sí agbedeméjì, ní 7. Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ara ènìyàn, oje inú àpòlúkù a máa sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 2, ìtọ̀ a sì máa rìn láàrin 4.5 àti 8 láìsí ẹni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀, arìnrìn-àjò tí kì í sùn, a-bẹ-gbogbo-ojúlé-wò, kò gbọdọ̀ kúrò láàrin 7.35 àti 7.45, nítorí pé bí ó bá rẹlẹ̀ dé 6.8, ó ṣòro kí ẹ̀mí tó dúró.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ìgbà tí ara kì í ṣe ohun kíkan. Oúnjẹ tí ó ń sọ di agbára a máa bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tí í máa kan bí ó bá ti wọ inú omi ẹ̀jẹ̀. Ẹran, ẹja àti ẹ̀wà sì tún ń fi ásíìdì mìíràn sílẹ̀ tí kò lè di afẹ́fẹ́ láé.

Báíkábónéètì, ọmọ ìyá kán-ún inú ilé ìdáná wa, ni ó kọ́kọ́ ń gbèjà ẹ̀jẹ̀. Kí oníyèméjì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí orí kán-ún lílọ̀: yóò rí i tí yóò hó yèè, kíkan ọsàn náà yóò sì rọlẹ̀. Ohun tí ó hó lọ yẹn, kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni báíkábónéètì inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ ásíìdì di omi àti afẹ́fẹ́, tí ẹ̀dọ̀fóró sì ń lé afẹ́fẹ́ náà gba imú jáde. Púpọ̀ nínú wa rò pé nítorí àti gba ọ́síjìn wọlé nìkan ni a ṣe ń mí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tí ó di èémí mú títí kò fi lè mú un mọ́ra mọ́, àkójọ kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni ó ń lé e jù, nítorí òun gan-an ni ìsàlẹ̀ ọpọlọ ń ṣọ́ tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ásíìdì inú ẹran àti ẹ̀wà kò lè gba imú jáde; kíndìnrín, tí ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi lára ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, ni í dì í mọ́ amóníà tí í tì í sínú ìtọ̀, tí í sì í ṣe báíkábónéètì tuntun dípò èyí tí a ti ná. Ẹrù ẹ̀dọ̀fóró fi nǹkan bí igba ìlọ́po ju tirẹ̀ lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó ẹ̀dọ̀fóró níbi tí kíndìnrín ń lo ọjọ́ mélòó kan.

Ewu àṣìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí hàn ní Copenhagen ní 1952, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ jà níbẹ̀, tí ó sì ń rọ iṣan tí ènìyàn fi ń mí. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nínú aláìsàn 31 tí a fi sínú ẹ̀rọ amúnimí ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 kú. Àwọn oníṣègùn rí báíkábónéètì púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n sì gbà pé kíkan rẹ̀ ni kò tó. Oníṣègùn kan, Bjørn Ibsen, ní ó tì o: kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni kò rí ọ̀nà jáde, ẹ̀jẹ̀ ti kan. Ó ní kí a la ọ̀nà ọ̀fun, kí a máa fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru, ikú sì dín kù gidigidi.

Ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ náà lè kan, ẹ̀dọ̀fóró a sì máa tiraka láti lé kíkan náà jáde. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní alátọ̀gbẹ nílé, bí ẹ bá rí i tí ó ń mí kíkankíkan, tí èémí náà sì jinlẹ̀, láìsáré, láìgbé ẹrù, bí oníṣègùn Kussmaul ti ilẹ̀ Jámánì ti ṣàpèjúwe rẹ̀ láti 1874, ẹ má ṣe gbé àgbo lé iná kí ẹ máa wò ó: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.