Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé, tẹmọ́mítà ibà kọ́ lẹ máa rà o!

Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ n'Ìwó Olódò Ọbà, tó sì ń fi ìwúkàrà sí i, mọ̀ pé omi àgbàdo tí wọ́n sè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tutù wá sí bíi dìgírì 30. Bó bá ṣì gbóná ju 50 lọ, ìwúkàrà á kú, ọtí ò ní í ru, owó àgbàdo ti wọgbó nìyẹn! Ọwọ́ làwọn ìyá wa fi ń wò ó, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í ka nọ́ńbà.

Kí wá ni kẹ́ ẹ rà? Ti kẹ́míìsì, ti ibà ni. Kì í kà ju nǹkan bíi 43 lọ. Onígíláàsì tó ní mẹ́kúrì ńkọ́? Ẹ má dán an wò! Bó bá fọ́ sínú ọtí, májèlé ni.

Ti ìdáná lẹ fẹ́, onírin ṣóńṣó tó ń lo bátìrì, tó ń kà kọjá 100. Kò dìgbà tó bá wọ́n kó tó dáa. Kó ṣáà má ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ kí nọ́ńbà rẹ̀ tó dúró.

Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ tì í bọ yìnyín fífọ́ tẹ́ ẹ bu omi díẹ̀ sí: òdo ló yẹ kó kà. Nínú omi tó ń hó, bíi 99 ni n'Ìwó. Tó bá fi ju dìgírì méjì lọ ṣì í, ẹ dá a padà fólówó ẹ̀!