Mọ́tò Tí Kì Í Mu Epo: Báwo Ni Bátìrì Rẹ̀ Ṣe Yẹ Kí Ó Tóbi Tó?

  Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, tí lítà kan kúrò ní iye tí kò tó 200 náírà tí ó sì di nǹkan bí 500 láàrin ọjọ́ díẹ̀, tí kò sì dúró níbẹ̀, kò sí ìpàdé wa kan tí a kì í ti í sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ó bí èyí tí a mú wá lónìí.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, bàbá kan láàrin wa, ẹni tí ó ti ń ta aṣọ ní ìlú yìí kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé, dìde, ó sọ fún wa pé ọmọ òun obìnrin tí ó wà ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń tọ́jú owó láti ọdún mẹ́ta wá láti ra ọkọ̀ fún òun. Mọ́tò oníná mànàmáná ni ọmọ náà fẹ́ fi ránṣẹ́, kí bàbá rẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà epo. Ó fi àwòrán méjì hàn wá. Ọ̀kan kéré: Nissan Leaf àlòkù ni, bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 40, irú yúníìtì kan náà tí a ń rà sínú mítà iná ilé wa. Èkejì tóbi, ó ga, ó wu ojú, bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 75, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọmọ yóò bá rà á, àfi kí ó jẹ gbèsè.

Ariwo ta nínú ilé. Àwọn ọ̀dọ́ ní ńlá ni kí bàbá gbà, nítorí pé ọkọ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí ó bímọ. Bàbá ní ti òun, ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́: èyí tí yóò gbé òun dé Ògbómọ̀ṣọ́ láìdúró. Ni ó bá kọjú sí àwa tí a ń kọ̀wé yìí, ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ ni o wà nídìí ìwọ̀n ẹrù ní rélùwéè. Bá mi ṣírò rẹ̀." A gbà fún un, a sì rò pé ohun tí a rí yóò wúlò fún àwọn ẹlòmíràn tí ọmọ wọn wà lókè òkun.

Ẹni tí ó bá ti dúró sí ibùdókọ̀ rélùwéè yóò ti rí i pé lára ọkọ̀ ẹrù kọ̀ọ̀kan ni a kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní òfìfo sí, àti ìwọ̀n ẹrù tí ó lè gbà. Oníbàárà kì í wo ti òfìfo. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì mọ̀ ọ́n, nítorí pé irin náà ni yóò kọ́kọ́ fà kí ó tó fa àpò ẹ̀pà kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn ẹ́ńjìnnì onísítíìmù ṣì ń rìn ní ilẹ̀ wa, èédú Enugu àti omi tí wọn yóò lò wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ń fa àwọn náà gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni bátìrì rí. Oúnjẹ mọ́tò ni, ẹrù mọ́tò ni. Ohun tí ó sì burú jù nínú rẹ̀ ni pé èédú ń dín kù bí a ṣe ń lọ, bẹntiróò náà ń dín kù, ṣùgbọ́n bátìrì tí iná ti tán nínú rẹ̀ wúwo gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kún.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti wúwo tó. Lítà bẹntiróò kan ní agbára tí ó tó nǹkan bí yúníìtì 9 nínú. Nítorí náà kẹ́gì 25 lítà, èyí tí gbogbo wa ti fi wá epo kiri rí, ju yúníìtì 220 lọ. Ilé iṣẹ́ GMC ní Amẹ́ríkà ṣe mọ́tò Hummer oníná kan tí bátìrì rẹ̀ ń gba yúníìtì 200 ó lé díẹ̀. Kò tó kẹ́gì wa. Síbẹ̀ bátìrì náà nìkan ju 1,300 kílò lọ, gbogbo ọkọ̀ náà sì ju 4,000 kílò lọ kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀!

Ẹnìkan yóò béèrè pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ wà nínú bí ó ti ń jẹun. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ni pé nínú agbára bẹntiróò tí a bù sínú mọ́tò, ìdá 12 sí 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń dé ẹsẹ̀ táyà. Èyí tí ó pọ̀ jù di ooru, ó gba iwájú ẹ́ńjìnnì àti ihò èéfín lọ. Ti oníná ju ìdá 77 lọ, nígbà tí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì tàbí tí ó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, mọ́tò náà ń dá díẹ̀ nínú agbára náà padà sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí mọ́tò oníná tí ó mọ níwọ̀n fi lè fi yúníìtì 15 sí 20 rin 100 kìlómítà, èyí tí kò ju agbára inú lítà bẹntiróò méjì ó lé díẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ó yà wá lẹ́nu. Hummer tí a sọ yẹn, pẹ̀lú gbogbo bátìrì rẹ̀, nǹkan bí 500 kìlómítà ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ sí i. Mọ́tò mìíràn wà ní ilẹ̀ yẹn kan náà, Lucid Air Pure ti ọdún 2025, bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúníìtì 84, kò tó ìdajì ti Hummer, ṣùgbọ́n 676 kìlómítà ni wọ́n kọ sí òun. Ohun tí ó fa èyí ni pé Lucid lọ sílẹ̀, ara rẹ̀ ń dán, afẹ́fẹ́ ń yọ̀ kọjá lára rẹ̀, nígbà tí Hummer dúró gbagidi bí ògiri. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ohun eré lójú ọ̀nà: bí ẹ bá sọ eré yín di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì yín padà di ìlọ́po mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Mercedes-Benz wa ọkọ̀ ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní EQXX láti Sindelfingen ní Jámánì dé Cassis létí òkun ilẹ̀ Faransé, ó ju 1,000 kìlómítà lọ, láìfi iná kún un lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì rẹ̀ kò tó yúníìtì 100. Kì í ṣe ẹni tí ó gbé oúnjẹ púpọ̀ ni ó rìn jìnnà níbẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí kò fi oúnjẹ ṣòfò.

Ṣùgbọ́n irú èyí kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà. Ọkọ̀ gíga ni wọ́n ń fẹ́, nọ́ńbà ńlá ni wọ́n sì ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, bí a bá pín ìrìn ọdún kan awakọ̀ sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 60 kìlómítà lójúmọ́ ni, síbẹ̀ ẹni tí ń rìn ín kò ní í fẹ́ ọkọ̀ tí kò bá lè lọ 400. Ọjọ́ kan nínú ọdún tí yóò lọ kí ìyá rẹ̀ ni ó ń ra bátìrì sílẹ̀ dè, ó sì ń ru ú kiri ní ọjọ́ tí ó kù. Àwọn ará Ṣáínà ni a rí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe òdì kejì. Ní ọdún 2020, ilé iṣẹ́ kan gbé mọ́tò kékeré Wuling Hongguang Mini jáde, bátìrì èyí tí ó pọ́n jù nínú rẹ̀ kò tó yúníìtì 10, ó ń lọ 120 kìlómítà, owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 28,800 yuan. Wọ́n rà á bí ẹni ra àkàrà. Lọ sọ́jà, gbé ọmọ lọ sí iléèwé, padà sílé: wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ lò ó fún.

(Àwa ará rélùwéè a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ara irin kẹta tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ni ó ti ń fa iná bí ó ti ń lọ. Kò ru oúnjẹ kankan.)

A ò gbọdọ̀ pe bàbá wa ní aláìmọ̀kan nítorí pé ó ń fẹ́ dé ilé láìdúró. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà Tẹgínà. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022. Ibi tí a kò gbọdọ̀ dúró wà lójú ọ̀nà wa, ará Amẹ́ríkà tí iná tán fún lójú títì kò bẹ̀rù ohun tí àwa ń bẹ̀rù. Nítorí náà a fi ìbẹ̀rù ṣe ìṣirò, a ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun tí a rí nìyí. Láti Kàdúná dé Ògbómọ̀ṣọ́ ju 450 kìlómítà lọ. Mọ́tò ńlá náà, nǹkan bí 450 ni wọ́n kọ sí i nígbà tí ó wà ní titun. Àlòkù ni báyìí; ẹ fi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, ẹ fi èrò márùn-ún àti ẹrù wọn kún un. Kò ní í dé. Ti kékeré, nǹkan bí 240 ni, kò ní í dé pẹ̀lú. Ẹni tí ó jẹ gbèsè àti ẹni tí kò jẹ, ojú ọ̀nà ni àwọn méjèèjì yóò ti máa wá iná.

Ìrìn ojoojúmọ́ bàbá ńkọ́? A fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé e, a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sí mọ́ṣáláṣí, ìpàdé wa lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo rẹ̀ kò tó 30 kìlómítà lọ́jọ́ kan. Ihò iná ògiri ilé lè fún mọ́tò ní yúníìtì méjì ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Bí iná bá wá fún wákàtí mẹ́fà lóru, yóò rí ohun tí ó tó rin 70 kìlómítà. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Mọ́tò ńlá yóò gba òru márùn-ún sí mẹ́fà irú bẹ́ẹ̀ kí ó tó kún láti òfìfo, nítorí pé bátìrì ńlá kì í mú kí iná pọ̀ sí i lára òpó.

Ti owó: nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn tí ń rí i fún 20 wákàtí dé 225 náírà fún yúníìtì kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, 100 kìlómítà Leaf, pẹ̀lú ohun tí ń ṣòfò nígbà tí a ń fi iná sí i, jẹ́ nǹkan bí 4,500 náírà. Ọkọ̀ àtijọ́ bàbá ń mu lítà 9. Bí a bá rí lítà kan rà ní 900, 8,100 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré fún un ní iná, tí lítà kan kì í sábà mú ju yúníìtì méjì jáde lára rẹ̀, lítà 10 ni ẹ ó jó láti fi dín lítà 9 kù. Ẹ má ṣe é.

Mẹkáníìkì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí a má gbàgbé àwọn mọ́tò tí ń lo epo àti iná pọ̀. Toyota ti sọ ọ́ pé èròjà tí ó lọ sínú bátìrì mọ́tò oníná kan tí ń rìn jìnnà tó fún 90 irú wọn. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, ẹ sáà rántí pé Toyota fúnra rẹ̀ ni ó ń tà wọ́n.

Ohun kan ni ó dẹ́rù bà wá nípa Leaf, a sì sọ ọ́ fún bàbá láìfi pamọ́. Bátìrì rẹ̀ kò ní omi tí ń tù ú, afẹ́fẹ́ nìkan ni, ooru sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Ní ọdún 2012, àwọn tí wọ́n ni irú àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Arizona, ibi tí ooru ti pọ̀, kígbe pé bátìrì àwọn ń sáré sunkì. Oòrùn oṣù kẹrin Kàdúná kò kéré. Iwájú awakọ̀ ni a ti ń rí àmì kékeré 12 tí ń fi ìlera bátìrì hàn. Bí ó bá ti dín, ó ti sunkì nìyẹn. A ní kí ọmọ ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ kí ó tó san kọ́bọ̀ kan. A tún ní kí bàbá pe oníṣẹ́ iná wá wo wáyà ilé rẹ̀, nítorí pé ilé àtijọ́ ni, wákàtí mẹ́fà sì pọ̀ fún wáyà tín-ín-rín.

Bàbá ronú títí. Ó ní kí ọmọ má jẹ gbèsè. Kí ó ra kékeré, kí ó fi owó tí ó kù sílẹ̀ fún ìkómọjáde tí ń bọ̀ lọ́nà, nítorí pé ọmọ náà wà nínú oyún, a sì bá wọn dúpẹ́. Ní Iléyá, òun yóò wọ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ pẹ̀lú wa. Inú àwọn ọ̀dọ́ kò dùn. Àwòrán àmì 12 náà dé ní ọjọ́ kẹta, 11 ni ó kù níbẹ̀, bàbá sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò tíì fọwọ́ sí i: ó ní kí a bá òun béèrè ìdì àǹkárá mélòó ni yóò wọ bútù rẹ̀. A ti kọ̀wé sí Houston, a ń retí èsì.