Ilé Iṣẹ́ Ọwọ́ tí Gbogbo Ilé Jọ Ní

Ní ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, nítòsí ìlú Hillerød, ni àwọn ìdílé 27 ti kó wọ ibùgbé kan tí à ń pè ní Sættedammen ní ọdún 1972. Olúkúlùkù ní ilé àti ibi ìdáná tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ilé kan tí gbogbo wọn jọ ni. Àṣà yìí tàn dé Amẹ́ríkà, níbi tí a ti parí Muir Commons, ilé 26, ní ìlú Davis ní ọdún 1991. Kò rí bí agbo ilé tiwa gan-an, nítorí àdéhùn ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹbí. Nítorí náà ni ohun àjọní wọn fi ń fẹ́ òfin ju tiwa lọ.

Irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ a máa fẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọwọ́, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì fara sin. Kí ni ìdílé 26 yóò fi ayùn oníná 26 ṣe, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní lò ó ju ìgbà díẹ̀ lọ lọ́dún?

Kí a má ṣe kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí ọmọdé ń sùn, nítorí ariwo. Kí a má sì gbé e sí ìkọ̀kọ̀, nítorí ẹni tí ayùn bá gé lọ́wọ́ ní òun nìkan kò ní rí olùrànlọ́wọ́. Fèrèsé tí ó kọjú sí ọ̀nà dára púpọ̀. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ yóò fi ìbòtí dí etí rẹ̀, nítorí ariwo tí ó bá dé ìwọ̀n dẹ́síbẹ̀lì 85, tí ó sì pẹ́ létí, a máa ba ìgbọ́ràn jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Eruku igi kò ṣe é fojú kéré. Ní ọdún 1995 àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé ó lè fa àrùn náà sí ihò imú. Ẹ̀rọ tí ń fa eruku ni kí a so mọ́ ẹnu ayùn. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ wulẹ̀ ń gbé e sókè ni. Kí a sì ya ibi iṣẹ́ irin sọ́tọ̀, nítorí ẹta iná láti ara irin tí a ń pọ́n lè bọ́ sínú eruku igi, kí ó máa jó lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Iná kan tún wà tí kò fẹ́ ẹta rárá, èyí ni ó sì ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Bí òróró linseed tí a fi ń kun igi ti ń gbẹ, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ooru sì ń jáde. Bí a bá ká àkísà tí ó rin gbingbin fún un jọ sí igun ilé, ooru náà kò rí ọ̀nà jáde, àkísà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Kí a tẹ́ ẹ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó gbẹ, tàbí kí a rì í sínú omi nínú agolo irin tí ó ní ìdérí.

Ní ti ìṣàkóso, ẹni kan pàtó ni kí ó di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mú, kí ó má sì fún ẹnikẹ́ni tí a kò tí ì kọ́ ní lílò rẹ̀. Òòlù àti ìfági kò nílò irú ìṣọ́ yìí. Ohun èlò àdáni, ẹ jẹ́ kí ó wà nílé ẹni tí ó ni ín, nítorí ṣísù tí a yá tí ó padà wá ní kíkú ti dá ìjà púpọ̀ sílẹ̀. Owó pípọ́n ayùn ni kí a máa dá lóṣooṣù, kì í ṣe ìgbà tí ó bá kú tán. Bí ẹ̀rọ kan bá sì bàjẹ́, kí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i yọ okùn iná rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà kí ó tó jáde.