Bíréèkì Ọkọ̀ Oníbátìrì àti Iná Tó Ń Dá Padà



Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọdún 2023, àwọn awakọ̀ inú ẹgbẹ́ wa kò yé béèrè nípa ọkọ̀ tí ń lo bátìrì dípò epo. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ pé àwọn fẹ́ gba ẹ̀yáwó fi rà á. Ìbéèrè tí a ń gbọ́ jù ni pé: ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ náà máa ń fún ara rẹ̀ ní iná bí a bá tẹ bíréèkì? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ lè fi owó ṣòfò, ó sì lè fi ara rẹ̀ àti èrò ọkọ̀ sínú ewu.

Àwa tí a gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé kò lè gbàgbé dáínámò iná kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ táyà, iná á tàn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ á wúwo lẹ́sẹ̀ lójú kan náà. Ara eré kẹ̀kẹ́ ni dáínámò ti ń bu iná náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀ oníbátìrì. Ẹ́ńjìnnì iná tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ló ń di dáínámò bí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ìyẹn ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré. Táyà ló wá ń yí ẹ́ńjìnnì, iná ń padà sínú bátìrì, eré sì ń dín. Nínú ọkọ̀ elépo, gbogbo eré tí a bá fi bíréèkì pa, ooru ló ń dà lára páàdì, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó kìlógíráàmù 1,700, tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan, agbára tó wà nínú eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí yúníìtì 0.12, irú yúníìtì kan náà tí à ń rà sínú mítà iná ilé. Bó bá jẹ́ kìlómítà 40 ló ń sá, 0.03 péré ni. Bẹ́ẹ̀ bátìrì ńlá ti Hyundai Kona ń gba yúníìtì 64. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló sì ń padà, nítorí díẹ̀ ń ṣègbé nígbà tó ń wọlé, díẹ̀ tún ń ṣègbé nígbà tó ń jáde. Nítorí náà, kò sí ọkọ̀ tí bíréèkì lè máa fún ní iná títí tí kò fi ní dé ìdí ṣáájì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà ló fẹ́ tà. Ṣùgbọ́n nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, níbi tí èèyàn ti ń dúró tó sì ń lọ nígbà àìmọye, díẹ̀díẹ̀ náà a máa di púpọ̀.

A fi Kona ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi han ará ìlú ní Nàìjíríà, ní ọdún 2020. Irin pẹlẹbẹ kékeré méjì wà lẹ́yìn sítíárìn rẹ̀. Bí ẹ bá fa ti ọwọ́ òsì, agbára ìdádúró á máa pọ̀ sí i láti ipele 0 dé 3. Ti ọwọ́ ọ̀tún á máa dín in kù. Ní ipele 0, bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ bí ẹni pé ó wà ní fíríì. Ní ipele 3, á fà yín sẹ́yìn bí ẹni pé ẹnìkan tẹ bíréèkì. Bí ẹ bá sì fa ti òsì tí ẹ kò fi í sílẹ̀, ọkọ̀ á dúró pátápátá. Bíréèkì ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lo dáínámò kí páàdì tó gbá a mú, nítorí náà ẹni tó wà ní ipele 0 kò pàdánù gbogbo rẹ̀.

Eco, Normal àti Sport tí ẹ ń rí lójú dáṣíbọ́ọ̀dù yàtọ̀ sí èyí. Bí tọ́tù ṣe ń dáhùn ni wọ́n ń yí padà jù: Eco ń rọra lọ, Sport ń ta bí ẹṣin. Eco+ tún wà, tó ń pa ẹ́ńjìnnì amúlétutù, a kò sì mọ ẹni tó máa lò ó lóṣù kẹta nílẹ̀ yìí. Àmọ́ a lè ṣètò ipele tí ipò kọ̀ọ̀kan yóò fi bẹ̀rẹ̀. Níbí ni ewu wà fún ọkọ̀ tí awakọ̀ méjì ń pín wà: ẹni tó lò ó láàárọ̀ fi í sí 3, ẹni tó gbà á lálẹ́ rò pé 3 náà ló wà, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ ń lọ. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó gbéra.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó tẹ́jú, 0 tàbí 1 ló dára jù, nítorí eré tí a kò pa sàn ju eré tí a pa tí a tún ń wá padà. Nínú ìgboro, 2 tàbí 3.

Àwọn yòókù ní ìṣe tiwọn. Nissan Leaf ní e-Pedal láti ọdún 2017, tó lè dá ọkọ̀ dúró láìtẹ bíréèkì. Volkswagen ID.4 ní D tó ń jẹ́ kó yọ̀ lọ, àti B tó ń fà á sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n B ti Toyota Prius, tó ti wà láti ọdún 1997, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ẹ́ńjìnnì epo ni Prius máa ń fi ran ìdádúró lọ́wọ́ ní B, fún sísọ̀kalẹ̀ lórí òkè gígùn. Ẹ̀yin tí ẹ ra tòkunbọ̀ rẹ̀ tí ẹ ń wà á ní B látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kí bátìrì lè kún, epo lẹ ń sun dànù.

Èyí tó ká wa lára jù ni fíríì. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa, bí wọ́n bá ti dé orí òkè, wọ́n á ti gíà sí fíríì kí epo lè dín. Nínú ọkọ̀ oníbátìrì, fíríì ló ń pa dáínámò. Iná kankan kò ní padà, páàdì nìkan ló máa gbé gbogbo ẹrù ọkọ̀, ó sì lè gbóná débi tí kò ní mú mọ́. Bẹ́ẹ̀ sísọ̀kalẹ̀ mítà 100 lórí òkè bíi ti Èfọ̀n-Alààyè ní nǹkan bí yúníìtì 0.46 nínú kí apá kan tó ṣègbé, ìlọ́po mẹ́rin eré kìlómítà 80 tí a ṣírò lókè. Ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kí ẹ gbé ipele sókè.

Ohun mìíràn ni bátìrì tó kún. Àmù tó ti kún kò gba omi mọ́. Ẹni tó ń gbé orí òkè, tó ṣáájì kún dẹ́nu lóru, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, yóò rí i pé ọkọ̀ kò fà sẹ́yìn bíi ti àná. Kó fi àyè sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣáájì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nítòsí bíréèkì. Lójú ọ̀nà tó ń yọ̀ nígbà òjò náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè dá dáínámò dúró kí táyà má bàa yọ̀.

Iná ẹ̀yìn ńkọ́? Òfin àgbáyé 13-H sọ pé ó gbọ́dọ̀ tàn bí eré bá ń dín kíákíá, láti nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí lórí ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń rọra dín, ó lè má tàn rárá, tí dánfó ẹ̀yìn yín kò sì ní mọ̀ pé ẹ ń dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀ kó lè tàn.

Páàdì ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n irin tí a kì í lò máa ń dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, kí ẹ sì dán gbogbo ipele wò lójú ọ̀nà kí ẹ tó sanwó. Ẹni tí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ kò bá yé, kó mú un wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ ìpàdé, a ó jọ kà á.