Bọ́tà, Màgárínì àti Epo Pupa: Ọ̀rá Inú Oúnjẹ ní Ilẹ̀ Yewa

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń jiyàn lórí èwo ló dára jù fún ara nínú bọ́tà àti màgárínì, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni àríyànjiyàn náà gbà dé ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà ní bọ́tà nínú ike àti sáṣẹ́ẹ̀tì ní Ìlaròó àti Ayétòrò, màgárínì ni, àti nítorí pé epo pupa, àdín (òróró èkùrọ́) àti òróró inú kẹ́ẹ̀gì tí ń gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wọlé ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná ju ọ̀rá méjèèjì yìí lọ. Bọ́tà ni ọ̀rá tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá po wàrà màlúù títí ọ̀rá inú rẹ̀ yóò fi ṣù pọ̀. Òróró tí wọ́n fún lára èso tàbí kóró ni wọ́n fi ń ṣe màgárínì lóde òní, wọ́n á po omi díẹ̀ àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì jẹ́ kí ó dì kí ó lè ṣeé fi pa búrẹ́dì.

Ní ọdún 1869 ni Hippolyte Mège-Mouriès, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe màgárínì àkọ́kọ́, nígbà tí ọba Napoleon III ń wá ohun tí kò ní wọ́n tó bọ́tà fún àwọn tálákà àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọ̀rá màlúù ni ó fi ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é pọ̀ sí i, ọ̀rá màlúù kò tó wọn mọ́, wọ́n sì yíjú sí òróró èso, èyí tí òróró èkùrọ́ wà lára rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilẹ̀ Yewa, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn obìnrin apá ibí yìí ti ń fi òkúta pa èkùrọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníṣòwò sì ń kó o gba Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Èkó lọ sí òkè òkun. Nígbà tí ojú irin sì gba Ìfọ̀ wọ Ìlaròó dé Ìdògo, ó di ọ̀nà mìíràn fún ìrè oko agbègbè náà. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, Jámánì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ń lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún òróró rẹ̀ fún ọṣẹ àti màgárínì, wọ́n sì ń fi pàǹtí tí ó kù bọ́ àwọn màlúù tí wọ́n ń fún wàrà wọn ṣe bọ́tà. Èkùrọ́ tí àwọn obìnrin wọ̀nyí pa wà nídìí ọ̀rá méjèèjì tí àwọn òyìnbó ń jiyàn lé lórí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ Yewa mọ ìtàn náà, nítorí pé a kì í sábà kọ ọ́ sínú ìwé tí ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ.

Wàhálà màgárínì bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú òróró dì. Ní ọdún 1902 ni Wilhelm Normann, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe lè fi gáàsì háídírójìn àti ìyẹ̀fun irin níkẹ́ẹ̀lì sọ òróró tí ń ṣàn di ọ̀rá líle. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ yìí dé òpin, kò sí ewu tuntun púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a dúró lágbedeméjì kí ọ̀rá náà má baà le jù, apá kan nínú rẹ̀ a yí padà di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ọ̀rá trans. Fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí ẹni tí ó fura sí i. Bọ́tà ni wọ́n ń fura sí, nítorí pé ìwádìí láti àárín ọ̀rúndún ogún fi hàn pé ọ̀rá tí ó máa ń dì, irú èyí tí ó kún inú bọ́tà àti ẹran ọlọ́ràá, ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó lè dí òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ọkàn, àwọn dókítà sì ń gba ènìyàn níyànjú láti fi màgárínì rọ́pò rẹ̀. Ní 1990 ni Mensink àti Katan, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Netherlands, tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀rá trans ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù búburú pọ̀ sí i, ó sì tún ń dín èyí tí ó dára kù, èyí tí ọ̀rá bọ́tà kì í ṣe. Àwọn tí wọ́n fi màgárínì líle ìgbà náà rọ́pò bọ́tà nítorí ìlera wọn ti gba ohun tí ó burú ju bọ́tà lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún ẹni tí ń ra ọjà ni pé kì í ṣe orísun ọ̀rá, bóyá ara ẹran tàbí ara igi, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè, bí kò ṣe irú ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sí i àti bí òun yóò ṣe jẹ tó. Màgárínì rírọ̀ tí wọ́n fi òróró sóyà ṣe, tí kò sì ní ọ̀rá trans, sàn ju bọ́tà lọ fún ẹni tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ti ga, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wo iye iyọ̀ tí wọ́n kọ sára ike kí ó tó rà á.

Epo pupa ni ó ṣòro jù láti dá ẹjọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù ní agbègbè yìí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni Yewa, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òdìkejì ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889. Ní Pọ́bẹ̀, ìlú àwọn Nàgó ní Bẹ̀nẹ̀ tí kò jìnnà sí ẹnubodè, ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Epo tí wọ́n fọ̀ ní ẹbu kò ní ọ̀rá trans, ohun tí ó sì ń mú un pọ́n, tí ń jẹ́ karotíìnì, ni ara fi ń ṣe fítámì A tí ojú àwọn ọmọdé nílò. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì epo pupa ni ọ̀rá tí ń dì, ìdí nìyí tí ó fi ń le nínú ìgò nígbà ọyẹ́, tí àwọn oníbàárà kan sì ń rò pé wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí ọ̀rá tí ń dì má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́ lọ, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 22 fún ẹni tí ń jẹ oúnjẹ tí agbára rẹ̀ tó 2,000 kálórì. Ṣíbí ńlá kan tí ó kún fún epo pupa ní nǹkan bíi gíráàmù 7 nínú rẹ̀, bọ́tà náà sì ní iye kan náà, nítorí náà ẹni tí ó bá jẹ ṣíbí mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èyí tí ó tó o lóòjọ́ tán kí ó tó fọwọ́ kan ẹran. Ti àdín le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀rá tí ń dì tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Ara ni ó dára kí a máa fi pa. Àwọn tí wọ́n ń dín epo títí tí yóò fi funfun kí wọ́n tó da ata sí i sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé karotíìnì náà ni wọ́n ń fi iná pa, tí ọ̀rá tí ń dì sì kù síbẹ̀ láìyẹ̀.

Lábẹ́ òfin tí àjọ NAFDAC, tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé jáde ní 2022, ọ̀rá trans kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 2 lọ nínú gíráàmù 100 ọ̀rá oúnjẹ. Denmark ni ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí pè fún irú rẹ̀ ní gbogbo ayé ní 2018. Òfin tí ó dára ni, àwọn tí wọ́n jà fún un sì yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n ẹnubodè ni yóò ti dán an wò. Ìjọba Nàìjíríà ti ka òróró tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ àwọn ọjà tí kò gbọ́dọ̀ ti òkè òkun wọlé, síbẹ̀ àwọn aṣọ́bodè kò yéé gba kẹ́ẹ̀gì òróró lọ́wọ́ àwọn onífàyàwọ́ ní Ìdí-Ìrókò àti lójú ọ̀nà àbùjá tí ń gba inú igbó kọjá, àní lẹ́yìn tí ìjọba ti àwọn ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019. Kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ kì í ní nọ́mbà NAFDAC, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá wọ́n fi fítámì A tí òfin Nàìjíríà ti béèrè láti 2002 sí i, kò sì sí ohun tí ó fi irú ọ̀rá tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Ilé búrẹ́dì tí ó ń ra ọ̀rá lọ́pọ̀ náà lè má mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń dín pọfupọfu, tí ó ń lo òróró kan náà láràárọ̀ títí yóò fi dúdú, kì í rí ẹni tí yóò sọ fún un pé gbígbé òróró kaná léraléra ń bà á jẹ́.

A kò lè di ẹrù àyẹ̀wò yìí lé ìyá tí ó wá ra ọ̀rá pa búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ lórí. Ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ oúnjẹ wà ní Politẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ sì wà ní Ayétòrò. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn àti NAFDAC bá fún wọn ní owó àti ohun èlò, wọ́n lè máa gba òróró àti màgárínì láti ọjà Ọjà-Ọ̀dàn, Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò lóṣooṣù, kí wọ́n wọn ọ̀rá trans inú wọn, kí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n bá rí lórí rédíò ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ọjà tí ó rú òfin.