Ta Ló Kọ́ Adájọ́? Ojú Náà Nílò Àtúnṣe Bí Òṣùwọ̀n

Fídíò kan náà la jọ wò, ìṣẹ́jú 8 péré. Àwọn ọmọ 7 kan ń ṣeré. Wọ́n fi páálí àti okùn ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbé bọ́ọ̀lù láti ibì kan dé ibòmíì. Ọ̀kan nínú wọn wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ọ̀rá àlòkù rán, ó sì ń kọrin. Nígbà tó parí, ọkùnrin tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ ní kí kálukú fún wọn ní máàkì lórí àtinúdá, nínú 15, kí ẹnikẹ́ni má sì yọjú wo ìwé ẹlòmíì. Mo kọ 13. Ìyá tó jókòó tì mí kọ 5.

Fídíò kan náà o! Ìyá yìí ò sì sùn, mo rí i tó ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Ẹ má rò pé torí mo gbọ́n ni wọ́n ṣe pè mí síbẹ̀. Àǹtí mi kan ń gbé ní New Jersey, ọmọ wọn sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ń múra fún ìdíje Odyssey of the Mind. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú adájọ́ kan wá, ẹni tó máa ṣiṣẹ́ láìgba owó. Kí n tó mọ ohun tó ń lọ, Àǹtí ti fi orúkọ mi sílẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣebí ìwé lo ń kà láti ọjọ́ yìí? Lọ kà á."

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́ nípa ìdíje yìí rí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Sam Micklus ló wà nídìí ẹ̀. Ó ń kọ́ni ní Glassboro State College ní New Jersey, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Rowan University báyìí. Kì í fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ìdáhùn ẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé. Ó lè ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ tí kò ní táyà, tàbí ohun tó máa léfòó gbé wọn kọjá adágún omi. Nígbà tó di 1978, ilé ìwé 28 ní New Jersey kópa nínú ìdíje àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ. Lónìí, ọmọ 7 ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ kan. Wọ́n á fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣiṣẹ́ lórí ìṣòro kan, wọ́n á wá ní ìṣẹ́jú 8 láti fi han àwọn adájọ́. Ìyẹn ló gba 200 máàkì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e kalẹ̀, aṣọ, àwọ̀, orin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, gba 50. Ìbéèrè òjijì tí wọn ò rí rí gba 100.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ti ń gé páálí láti ìgbà òtútù. Ẹni tó fẹ́ sọ iye tí iṣẹ́ ẹ̀ tó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé, ó lè jẹ́ bàbá ẹnìkan, ó sì lè jẹ́ èmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká wá jókòó ní ọjọ́ Sátidé.

Ní láàbù, kí n tó wọn nǹkan, mo máa kọ́kọ́ gbé irin tí a ti mọ ìwúwo ẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Tí irin gíráàmù 100 bá ń fi 103 hàn, òṣùwọ̀n la máa tún ṣe, a ò ní bá irin jà. Àwọn adájọ́ ni òṣùwọ̀n níbí, fídíò yẹn sì ni irin wa.

Ohun kan wà tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì yà mí lẹ́nu: adájọ́ tó háwọ́ kọ́ ni ìṣòro. Tí ìyá yẹn bá ń yọ máàkì 3 lára gbogbo ẹgbẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ṣe ipò kìíní ṣì máa ṣe ipò kìíní. Adájọ́ tó yẹ ká sá fún ni ẹni tó háwọ́ ní aago mẹ́sàn-án, tó jẹun ọ̀sán tán, tó wá di ọ̀làwọ́. Àṣìṣe tó dúró sójú kan ṣeé bá lò, èyí tó ń rìn kiri ló ń ba nǹkan jẹ́.

Kì í kúkú ṣe gbogbo máàkì ló wà lọ́wọ́ ojú. Lára àwọn ìṣòro ọlọ́jọ́ pípẹ́ wọn, ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ ti ń fi igi balsa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ ilé kékeré, tí wọ́n á wá máa to irin wíwúwo lé e lórí títí á fi wó. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà kà lè ṣe adájọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n "báwo ni àtinúdá wọn ṣe pọ̀ tó?" kò ní irin tí a lè gbé lé e.

Mo wo ìwé mi padà. Kì í ṣe àtinúdá nìkan ni mo fún ní máàkì gọbọi, gbogbo nǹkan ni. Ẹ̀rọ wọn já bọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú fídíò yẹn, mo ṣì kọ 14 fún bó ṣe ṣiṣẹ́ sí. Orin ọmọ yẹn ló mú mi! Ní 1920, Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa èyí. Ó wo bí àwọn ọ̀gá ológun ṣe ń fún àwọn tó wà lábẹ́ wọn ní máàkì lórí làákàyè, ìrísí, ìwà àti ìdarí. Ẹni tó bá ti gba máàkì rere lórí ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lórí gbogbo ẹ̀. Ó pè é ní halo, ìmọ́lẹ̀ roboto tí wọ́n máa ń yà yí orí àwọn ẹni mímọ́ ká. Oògùn tí wọ́n fún wa rọrùn: parí ìlà kan kí o tó bọ́ sí èkejì, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀ kí o tó kọ nọ́ńbà.

Ti ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde ńkọ́? Victor Ginsburgh àti Jan van Ours wádìí ìdíje piano ti Queen Elisabeth ní Belgium, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2003. Ìbò ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa kọ́kọ́ tẹ piano, kò kan ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù. Síbẹ̀ àwọn tó jáde níbẹ̀rẹ̀ kì í sábà ṣe dáadáa tó àwọn tó jáde lẹ́yìn. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ kì í sì í ṣe èèyàn bíi tèmi, ògbóǹkangí ni wọ́n. Nítorí náà, wọ́n fi fídíò bíi mélòó kan hàn wá, èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa, kí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìdíje má baà jẹ́ àkọ́kọ́ lójú wa.

Mo ní àríyànjiyàn kan ṣá. Ní 1982, Teresa Amabile gbé ọ̀nà kan jáde láti fi wọn àtinúdá: kó àwọn tó mọ iṣẹ́ náà jọ, má kọ́ wọn ní nǹkan kan, jẹ́ kí kálukú dá fi ojú ara ẹ̀ wò ó. Nígbà tí àwọn ọmọdé lẹ bébà aláwọ̀ mọ́ páálí, ojú àwọn ayàwòrán tó wò ó bára mu gan-an. Ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ò wá ní sọ gbogbo wa di ojú kan ṣoṣo? Èrò tèmi ni pé a nílò ẹ̀, torí a kì í ṣe ayàwòrán. Ṣùgbọ́n ewu yẹn wà. Ó jọ pé àwọn tó dá ìdíje yìí sílẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹgbẹ́ kan ṣe ohun ìrìnnà orí omi tó jọ kòkòrò inú omi kan. Kò débi tó ń lọ tó fi dojú dé, ṣùgbọ́n orí àwọn adájọ́ wú. Títí dòní, adájọ́ lè dábàá ẹgbẹ́ kan fún àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n sọ ní orúkọ kòkòrò yẹn, Ranatra Fusca, ipò yòówù tí ẹgbẹ́ náà ì bá à ṣe.

Ohun tó kù ni òfin tó le jù: àwọn ọmọ nìkan ló gbọ́dọ̀ ronú ẹ̀, àwọn nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Àgbà ò gbọ́dọ̀ bá wọn lẹ nǹkan. Báwo lo ṣe máa mọ̀? Wọ́n kọ́ wa pé ká má bi ọmọ pé "Ta ló bá yín ṣe é?" Ìyẹn dà bíi tàgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ ní "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí." Ọmọ tó bá ṣe é fúnra ẹ̀, o ò ní lè dá a dúró.

Àwọn adájọ́ máa ń dé fìlà apanilẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ. Mo dé abetí ajá lọ lọ́jọ́ ìdíje. Ọmọ kan bi mí bóyá etí ehoro ni.

Èmi àti ìyá yẹn la tún jọ wà ní ìdí tábìlì kan náà. Fún ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, mo kọ 10, òun kọ 8. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Yàrá tí wọ́n fi mí sí jìnnà sí ibi tí ọmọ Àǹtí mi ti ṣe tiwọn, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí ẹgbẹ́ kan mú wá dájọ́ ẹgbẹ́ náà. Mi ò rò pé Àǹtí mọ ìyẹn nígbà tí wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀.